Mo Jókòó Láàárín Àwọn Tó Fẹ́ Kọra Wọn

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó láàárín ọkọ àti ìyàwó tí wọn kò fẹ́ rí ojú ara wọn mọ́. Iṣẹ́ tí mo ṣe jẹun nìyẹn, òun náà ni mo ṣe fẹ̀yìn tì. Láìpẹ́ yìí, Mọ́rùfá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, sọ nílé pé òun fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn ní yunifásítì. Bàbá rẹ̀ ní kó lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, pé ta ní í fi ìjà ilé onílé ṣe iṣẹ́ ṣe. Ọmọ náà sá wá bá mi.

"Àǹtí, ẹ sọ bó ṣe rí gan-an fún mi," ó wí. "Ẹ má bo nǹkan kan."

Ohun tí mo sọ fún un ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí, fún òun àti fún ọ̀dọ́ yòówù tó bá ń ro ohun tí yóò fi ayé rẹ̀ ṣe.

Ìlọrin ni bàbá mi ti wá, ṣùgbọ́n Sábó Zaria níbí ni wọ́n bí mi sí. Hausa ni mo fi ṣeré níta, Yorùbá ni mo fi jẹun nínú ilé. Nígbà tí mo jáde ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ọ́fíìsì kékeré kan tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdílé ń wá ọmọbìnrin tó gbọ́ èdè méjèèjì, tó sì lè kọ Gẹ̀ẹ́sì. Mo kọ̀wé, wọ́n gbà mí. Owó oṣù rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n kì í dáwọ́ dúró. Ọ̀rọ̀ owó parí síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi ni kò parí. Hajiya Talatu lorúkọ rẹ̀, ọmọ Hausa, obìnrin gíga tí gíláàsì ojú rẹ̀ máa ń wà ní ṣóńṣó imú. Ó gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń jẹ́ kí èèyàn mọ̀ lọ. Mo ti rí i tí tọkọtaya kan ń bú u lójú ara rẹ̀, tó ń mi orí bíi pé orin ni wọ́n ń kọ, tó wá fi Yorùbá tó mọ́ gaara dá wọn lóhùn nígbà tí wọ́n bú u tán.

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ó nawọ́ sí àpótí ìjókòó kan ní igun yàrá.

"Ibẹ̀ ni ìwọ yóò máa jókòó. Ọdún kan gbáko, o kò gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Gba ìwé yìí. Má kọ ohun tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá sọ. Ohun tí ẹni tó ń gbọ́ bá ń ṣe ni kí o kọ."

Mo rò pé àwàdà ni. Tọkọtaya àkọ́kọ́ wọlé, wọ́n rojọ́ títí, wọ́n lọ. Hajiya gba ìwé lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo kọ ni: "Ìyàwó ń sọ̀rọ̀. Ọkọ jókòó." Ó fa ojú ewé náà ya.

"Jókòó! Ṣé kì í ṣe gbogbo wa la jókòó? Ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́? Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Nígbà tí obìnrin yẹn dárúkọ ìyá rẹ̀, kí ló fi ojú rẹ̀ ṣe?"

Mo jẹ́wọ́ pé n kò wo ojú rẹ̀. Ó ní, "O lójú, o kò fi wò."

Oṣù mẹ́ta ni mo fi gba ọ̀rọ̀ yẹn lójoojúmọ́ kí ojú mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ọjọ́ tó là gan-an, ọkùnrin kan ló ń bá Hajiya sọ̀rọ̀, tó ń búra pé bí oòrùn bá wọ̀ ní ọjọ́ náà, òun àti ìyàwó òun ti parí. Ìyàwó jókòó tì í. Ọyẹ́ ti mú, ara ọkùnrin náà kún fún eruku ọ̀nà. Bó ṣe ń búra lọ, ọwọ́ obìnrin náà ń gbọn eruku kúrò léjìká rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí Hajiya kà á, ó kàn bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó ní, "Tó," bí Hausa ṣe ń gbà pé ọ̀rọ̀ dára. Inú mi dùn ju ọjọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí lọ. Àwọn méjèèjì yẹn kò kọra wọn.

Òfin Hajiya le koko bí ojú ẹja. A kò gbọdọ̀ jẹun nílé ọkọ tàbí nílé ìyàwó. Bí a bá pàdé wọn lọ́jà, a kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ kí wọn, kí àwọn èèyàn má baà mọ̀ pé wọ́n ti wá sọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan sọ pé ìhanrun ìyàwó òun dà bí ẹ̀rọ ìlọta tí bẹ́líìtì rẹ̀ fẹ́ já. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Hajiya ní kí n jáde lọ dúró sínú oòrùn títí wọn yóò fi ṣe tán. Lẹ́yìn náà ó ní kí n tẹ̀lé obìnrin náà dé ẹnu ọ̀nà kí n bẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà ní, "Ìwọ nìkan ló bẹ̀ mí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí." Mo sunkún lọ sílé lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀kọ́ kan wà tó máa ń tún sọ fún mi. Ó ní, "Rábíátù, ẹni tó ń tètè bínú wà, ẹni tó ń ro nǹkan títí wà, ẹni tó fẹ́ràn èrò wà, ẹni tó fẹ́ dá wà náà wà. Ọlọ́run ló dá wọn bẹ́ẹ̀, kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọ̀kan bá rò pé torí kí ẹnìkejì lè fi ojú di òun ló ṣe rí bó ṣe rí."

Mo rò pé mo ti gbọ́ ọ. Etí nìkan ló gbọ́ ọ.

Ní ọdún keje, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi tọkọtaya lé mi lọ́wọ́ kí n dá bójú tó. Àwọn ará Sábó ti ń pè mí ní Mama Sulhu, ìyá tó ń parí ìjà. Orí mi ń wú sí orúkọ yẹn. Àsìkò yẹn ni Délé àti Rónkẹ́ wá láti àdúgbò Muchia.

Délé ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò kan ní yunifásítì. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó máa ń ro ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó sọ ọ́. Rónkẹ́ ń ránṣọ ní iwájú ilé wọn, ohùn rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibikíbi. Ọmọ wọn kan ṣoṣo, Tọ́lá, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ ni.

Délé ní, "Àǹtí, ariwo fẹ́ pa mí. Bí mo bá wọlé, ọ̀rọ̀. Bí mo bá ń jẹun, ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí kálukú wa máa lọ, kí n lè gbọ́ ohùn ara mi."

Rónkẹ́ fò sókè. "Ẹ gbọ́! Ògiri ni mo fẹ́, Àǹtí! Bí mo bá ní ọmọ ń ṣubú, á ní 'ó dáa.' Bí mo bá ní ilé ń jó, á ní 'ó dáa.' Kí ló dáa níbẹ̀?"

Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo rí wọn. N kò lọ sílé wọn, bẹ́ẹ̀ Hajiya ti kọ́ mi pé ká máa lọ. Mo wo èyí tó ń pariwo, mo wo èyí tó dákẹ́, mo sì pinnu lọ́kàn ara mi pé aláriwo ló ni ẹ̀bi. Mo ní, "Ìyá Tọ́lá, ẹ dín ọ̀rọ̀ kù. Ohun tí kò bá jẹ́ dandan, ẹ má sọ ọ́."

Ó wò mí títí. "Ohun tó bá jẹ́ dandan nìkan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó dáa," ó wí.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, Délé ránṣẹ́ pé ilé ti tòrò. Mo ru ìròyìn náà lọ bá Hajiya bí ẹni tó pa ẹfọ̀n. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Obìnrin náà ńkọ́? Ta ló bi í léèrè?" Mo rò pé ìlara àgbà ni.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì sí i, aládùúgbò Rónkẹ́ sáré wọ ọ́fíìsì wa láàárọ̀. Ó ní Rónkẹ́ ṣubú lé ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù. N kò mọ bí mo ṣe débẹ̀. Délé ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ, ó gbé sálúbàtà ìyàwó rẹ̀ méjèèjì mọ́ àyà. Dókítà ti sọ fún un pé ìfun kékeré kan ló wú títí tó fi bẹ́ sínú ikùn, àti pé irú inú rírun bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dákẹ́ sí fún ọjọ́ mẹ́rin.

Délé ní, "Mo bi í kí wọ́n tó gbé e wọlé. Mo ní, 'Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?' Ó ní òun kò mọ̀ bóyá ó jẹ́ dandan."

Ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìyẹn.

Délé kò gbé ohùn sókè. Ì bá sàn fún mi ká ní ó pariwo. Ó ní, "Oṣù kìíní tó dákẹ́, mo gbádùn rẹ̀, Àǹtí. Nígbà tó di oṣù kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ níbi iṣẹ́, torí pé kò sí nǹkan kan nílé mọ́. N kò mọ bí mo ṣe máa ní kó tún bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé inú rẹ̀ kò dùn sí mi mọ́ ni."

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi tí mo gbọ́ ọ, èmi náà ni mo fi ìdákẹ́ ṣe oògùn fún ọmọ ọlọ́mọ.

Mo fi omijé wọ ọ́fíìsì. Hajiya gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó ní, "Omijé rẹ kò wúlò fún ẹni tó wà lórí ibùsùn. Bó bá lajú, lọ sọ fún un pé ìwọ lo ṣe é. Má fi 'ṣùgbọ́n' kankan sí i."

Ọjọ́ kẹta ni Rónkẹ́ tó lè sọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀ ti ibùsùn rẹ̀. "Ìyá Tọ́lá, èmi ni mo ṣìṣe. Mo ní kí ẹ dákẹ́, n kò sì bi yín léèrè ohun tó wà nínú yín. Ẹ forí jì mí."

Ó pa ojú dé, ó là á. Ohùn rẹ̀ ti há. "Ṣé mo lè máa sọ̀rọ̀ wàyí?"

"Ẹ máa sọ ọ́."

Ó yí orí sí Délé. "Bàbá Tọ́lá, ẹ gbé sálúbàtà yẹn sílẹ̀. Láti ìjẹta lẹ ti ń gbé e kiri bí ọmọ tuntun. Ṣé ẹ ti jẹun? Ta ló ń mú Tọ́lá wálé? Aṣọ ìyàwó pásítọ̀ tó wà lórí ẹ̀rọ ńkọ́?"

Délé bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọsibítù, ó ń dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò fi 'ó dáa' dáhùn ẹyọ kan.

Nígbà tí Rónkẹ́ padà sílé, mo ń lọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, mo wò, mo gbọ́. Mo rí i pé bí Délé bá ti ibi iṣẹ́ dé, orí rẹ̀ kì í tíì wọlé pẹ̀lú ara rẹ̀. Mo rí i pé Rónkẹ́ kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ tọkàntọkàn láti àárọ̀, ọ̀rọ̀ aṣọ oníbàárà nìkan ni, òun náà sì ti ń retí ọkọ rẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló fi ẹnu kò: kí Délé bọ́ bàtà, kó mu omi, kó jókòó díẹ̀. Bó bá ti ṣe tán, á ní, "Mo ti dé o." Ìgbà yẹn ni Rónkẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀, Délé náà yóò sì dáhùn ní ọ̀rọ̀ tó ju méjì lọ. Ìwà ẹnikẹ́ni nínú wọn kò yí padà. Délé ṣì ń ro ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ohùn Rónkẹ́ ṣì ń dé títì. Wọ́n ṣì wà ní Muchia títí di òní, wọ́n sì ti ní ọmọ-ọmọ.

Kì í ṣe gbogbo tọkọtaya ló yẹ kó padà sílé, kí ọ̀dọ́ tó ń ka èyí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan wá sọ́dọ̀ wa tí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ti dárà sí ara rẹ̀. Hajiya kò bi í léèrè ìwà ẹnikẹ́ni. Ó dìde, ó gbé ìborùn rẹ̀, ọ́fíìsì di títì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì lọ sílé àwọn èèyàn obìnrin náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Nígbà tí a ń bọ̀, ó ní, "Ìwà yàtọ̀ sí ìkà. Ìlàjà kì í ṣe okùn tí a fi ń so èèyàn mọ́ inú iná." Obìnrin náà kọ ọkọ yẹn, ayé rẹ̀ sì dára.

Irinṣẹ́ wa náà kò dúró sójú kan. Ìwé ìkọ̀wé àti gègé ni mo bá níbẹ̀. Lẹ́yìn bí ọdún mẹ́wàá, olùkọ́ yunifásítì kan, ọmọ Èkìtì, mú ìwé ìbéèrè wá. Apá kan ń bi èèyàn nípa ìwà rẹ̀, apá kejì ń bi í bóyá ayé tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó fẹ́ kí àwọn tó ń ronú àtikọra wọn dá a lóhùn, kí n sì bá òun túmọ̀ rẹ̀. Hajiya yí ìwé náà síwá sẹ́yìn. "Ohun tí mo fi ojú wò fún ogún ọdún ni èyí fẹ́ fi bírò mú," ó wí. Ṣùgbọ́n ó gbà.

Ìtumọ̀ apá kejì ló dá wa dúró. Bí o bá bi Yorùbá pé ṣé ayé tẹ́ ẹ lọ́rùn, á ní, "A dúpẹ́." Mùsùlùmí á ní, "Alhamdulillahi." Ilé rẹ̀ lè ti wó lé e lórí, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò dáhùn. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. A wá yí i padà báyìí: "Bí wọ́n bá ní kí ẹ tún ayé yín bẹ̀rẹ̀, kí lẹ máa fi sílẹ̀ bó ṣe wà, kí sì lẹ máa yí padà?" Ọlọ́run mi! Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ títí dé ẹ̀yìn ìwé.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó sọ pé ìyàwó ló sú òun ni ìyàwó sú. Ọkùnrin kan wà ní Dakace, Sálíù, tí ilé iṣẹ́ tó ti ń tún ẹ̀rọ ṣe ti ilẹ̀kùn pa. Ó ní òun fẹ́ kọ Rámátù, ìyàwó òun, nítorí ẹnu rẹ̀. Mo ka ohun tó kọ. Kò sí ohun kan tó fẹ́ fi sílẹ̀ bó ṣe wà: iṣẹ́, àdúgbò, ọ̀rẹ́, ara rẹ̀ pàápàá. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ jí lọ́la, Rámátù kò sí nílé mọ́. Kí ló máa dára?"

Ó ní, "Mo ṣì máa jí, kò ní sí ibi tí mo ń lọ."

Rámátù tó jókòó tì mí ké. "Ṣé ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn? Ọdún kan gbáko ni mo ti ń rò pé ẹ kórìíra mi!"

Sálíù kò kọ ọ́. Rámátù fúnra rẹ̀ ló ń bá a wá àwọn tí ẹ̀rọ ìlọta wọn bàjẹ́. Wọ́n ṣì ń jà lórí oúnjẹ tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Ahọ́n àti eyín pàápàá ń jà.

Hajiya fẹ̀yìn tì, ó sì papò dà lẹ́yìn náà, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Mo gba ipò rẹ̀. Fóònù dé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìjà ránṣẹ́ sí mi lórí Wáásápù, ọkọ á fi ohùn ránṣẹ́ láti yàrá, ìyàwó á fi tirẹ̀ ránṣẹ́ láti ilé ìdáná. Mo kọ́kọ́ kórìíra rẹ̀ nítorí n kò rí ọwọ́ wọn mọ́, n kò rí ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wúlò fún àwọn tí iṣẹ́ gbé ọkọ wọn lọ sí ìlú mìíràn, a sì ti fi í parí ìjà tí ẹsẹ̀ kò lè rìn dé.

Mọ́rùfá bi mí bóyá àwọn èèyàn máa ń dúpẹ́. Mo ní rárá, ìyá mi. Àwọn tí o bá ràn lọ́wọ́ yóò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ kọjá lọ́jà bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí. Bí o bá fẹ́ ìyìn, lọ kọrin. Ó bi mí bóyá mo kábàámọ̀. Dípò kí n dá a lóhùn, mo ní kó jókòó, nítorí pé, bí mo tilẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, àlejò ṣì ń bọ̀ wá bá mi nílé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sì gbà kó wà níbẹ̀.

Tọkọtaya kékeré kan ni, láti Bomo, pẹ̀lú ọmọ oṣù mẹ́rin. Wálé, ọmọ Ọ̀yọ́, kò tíì lò ju oṣù márùn-ún lọ ní Zaria, ìwé ló wá kà. Sídíkà, ìyàwó rẹ̀, ọmọ Sábó níbí ni, ìran Ìlọrin. Ọ̀yọ́ ló ti lọ ṣe agùnbánirọ̀, níbẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ra. Hausa ló yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ.

Wálé ní, "Màmá, n kò lè gba èébú mọ́. Bí inú bá ti bí i, á fi Yorùbá sílẹ̀, á máa fi Hausa bú mi. Ohun kan náà ni lójoojúmọ́, mo ti há a sórí."

"Kí ló máa ń wí?"

"*Na gaji, ka taimake ni*."

Mo wo Sídíkà. Ó ti dorí kodò. Mo bi Wálé, "Ṣé o ti bi í léèrè ìtumọ̀ rẹ̀?"

"Màmá, ta ní í béèrè ìtumọ̀ èébú?"

"Sídíkà, ṣé ìwọ yóò sọ fún un ni, àbí kí n sọ ọ́?"

"Ẹ sọ ọ́, Mama," ó wí. "Bí mo bá ti fẹ́ sunkún, Yorùbá mi máa ń sá lọ."

Mo ní, "Wálé, ohun tí ìyàwó rẹ ń sọ ni pé, 'Ó ti rẹ̀ mí, ràn mí lọ́wọ́.'"

Ọmọ ta ìpá lórí itan ìyá rẹ̀. Wálé na ọwọ́, ó gbà á, ó gbé e lé èjìká.

"Màmá, báwo ni wọ́n ṣe ń sọ 'mo gbọ́' ní Hausa?"

"*Na ji*."

Ó kọjú sí Sídíkà, ó sọ ọ́. Ó ṣì í pè pátápátá. Sídíkà fi ìborùn nu ojú, ẹ̀rín fẹ́ gbà á lẹ́nu. Ó tún un pè fún un, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní orúkọ ara rẹ̀, Wálé sì tún un sọ.